Ọmọ Ológbò Aláìníyàá: Gbèsè Ta Ni?

Ọmọ ológbò tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí kì í sábà wúwo ju nǹkan bí gíráàmù 100 lọ; kò tó ẹyin adìẹ méjì lórí ìwọ̀n. Ojú rẹ̀ dì, ihò etí rẹ̀ kò tíì là, kò lè dìde, ara rẹ̀ kò sì tíì mọ bí a ṣe ń gbọ̀n láti fi wá ooru. Kò lè tọ̀, kò lè yàgbẹ́ fúnra rẹ̀. Ìyá ló máa ń fi ahọ́n lá a nídìí kí ìtọ̀ àti ìgbẹ́ tó jáde, ó sì máa ń tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọmọ tó lè dá a ṣe. Bí ìyá bá kú, tàbí tó lọ tí kò padà, gbogbo ohun tó lè mú ọmọ yìí wà láàyè ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ igbe rẹ̀.

Ìbéèrè ńlá ni igbe yẹn ń bi ènìyàn. Ẹni tó ní ilé, tó ní ọwọ́, tó ní àsìkò, kí ló jẹ ẹ̀dá tí kò mọ̀ rí, tí kò ní bá a pa eku lónìí, tí kò sì ní dá a mọ̀ lọ́la? Àwọn ẹlẹ́sìn ti bèèrè rẹ̀, àwọn onímọ̀ èrò ìjìnlẹ̀ náà ti bèèrè rẹ̀, ìdáhùn wọn kò sì bára mu. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fara balẹ̀ wo iṣẹ́ alágbàtọ́ ọmọ ológbò yóò rí i pé gbèsè wà níbẹ̀ lóòótọ́, àti pé ìfẹ́ ẹran kọ́ ló dá gbèsè náà sílẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà àti nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ìgbà òtútù bá ti kásẹ̀ nílẹ̀ ni àwọn ológbò ìgboro máa ń bímọ lọ́pọ̀ yanturu, àwọn ilé ìtọ́jú ẹranko a sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí yóò gba ọmọ tọ́ sílé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọ̀pọ̀ alágbàtọ́ ni kì í gba kọ́bọ̀. Ilé ìtọ́jú ló sábà máa ń pèsè wàrà àti oògùn. Alágbàtọ́ ló ń fi oorun tirẹ̀ sílẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, wákàtí méjì sí mẹ́ta ni wọ́n fi ń fún ọmọ náà lóúnjẹ, tọ̀sán tòru. Wàrà màlúù kò bá a lára mu, ìgbẹ́ gbuuru ló máa ń fà, ìgbẹ́ gbuuru sì tètè máa ń fa omi tán lára ẹ̀dá tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Wàrà tí wọ́n dìídì ṣe fún ọmọ ológbò ni wọ́n ń pò sínú fídà kékeré. Kí wọ́n tó kán ẹyọ kan sí i lẹ́nu, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú ara rẹ̀ móoru, pẹ̀lú rọ́bà omi gbígbóná tí wọ́n fi aṣọ wé, nítorí pé inú ọmọ tó ti tutù kò lè da oúnjẹ. Orí ikùn ló gbọ́dọ̀ dàbolẹ̀ sí nígbà tó bá ń mu ún, bó ṣe máa ń ṣe lábẹ́ ìyá rẹ̀. Ẹni tó bá tẹ́ ẹ sí ẹ̀yìn bí ìkókó ènìyàn lè da wàrà sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Bó bá mu tán, wọ́n á fi òwú tí wọ́n rẹ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rọra ra á nídìí, láti ṣe iṣẹ́ tí ahọ́n ìyá ìbá ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á gbé e sórí òṣùwọ̀n. Ọmọ tó ń ṣe dáadáa máa ń fi nǹkan bí gíráàmù 10 sí 15 kún ara lójúmọ́. Ọjọ́ tí kò bá fi kún un, kí alágbàtọ́ tètè ké sí dókítà ẹranko.

Ọ̀pọ̀ ilé ìtọ́jú ẹranko máa ń ti ilẹ̀kùn nírọ̀lẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ a sì relé. Ajá tó ti dàgbà lè jẹun ìrọ̀lẹ́ kó sùn di àárọ̀. Ọmọ ológbò ọlọ́jọ́ mẹ́ta kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ ikú lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé, kí ebi má baà pa á mọ́jú. Àwọn tó ń gún abẹ́rẹ́ yẹn kì í ṣe ìkà ènìyàn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé ìfẹ́ ẹranko ló gbé wọn dé ibi iṣẹ́ náà. Ohun tí wọn kò ní ni ọwọ́ tí yóò jí lóru. Ní 2009, San Diego Humane Society ní California dá yàrá ìtọ́jú kan sílẹ̀ fún ọmọ ológbò, níbi tí òṣìṣẹ́ ń wà tọ̀sán tòru. Ní 2014, ASPCA, ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti ìwà ìkà sí ẹranko, ṣí irú rẹ̀ sí New York. Àmọ́ yàrá kan kò lè gba gbogbo wọn, alágbàtọ́ ló ń gba èyí tó kù.

Òwe Yorùbá kan wà tí ènìyàn lè fi bọ́ lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ yìí: màlúù tí kò ní ìrù, Olúwa ní ń bá a lé eṣinṣin. Òdodo ni, ìtùnú ńlá sì ni fún ẹni tí ayé kọ̀. Síbẹ̀, ẹni tó bá fi òwe náà dá ara rẹ̀ láre nígbà tí fídà wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti gbàgbé pé ọwọ́ ẹ̀dá ni Olúwa sábà máa ń lò láti lé eṣinṣin. Bíbélì kò fojú kéré ọ̀rọ̀ ẹran pẹ̀lú. Ìwé Òwe ka àníyàn nípa ẹ̀mí ẹran ọ̀sìn mọ́ ìwà olódodo. Nígbà tí Jónà ń bínú pé Ọlọ́run dá Nínéfè sí, Ọlọ́run ka àwọn ènìyàn ìlú náà fún un, ó sì ka ẹran ọ̀sìn wọn mọ́ ọn. Orí ọ̀rọ̀ ẹran yẹn gan-an ni ìwé Jónà parí sí.

Àtakò tó le jù lọ ti ibòmíràn wá. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a wá fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Nígbà tí ọmọ ènìyàn ń sùn lébi, kí ló kan ènìyàn kan wàrà ológbò? Ẹni tó bá bèèrè báyìí kò ṣe àìdáa, ìdáhùn tó nílàárí ló sì tọ́ sí i. Peter Singer, onímọ̀ èrò ìjìnlẹ̀ ọmọ Australia, kọ̀wé ní 1972 pé ìyà tí ń jẹ ẹni tó jìnnà sí wa kò fúyẹ́ ju ti ẹni tó wà nítòsí lọ, àti pé ẹni tó bá lè dá a dúró láìpàdánù ohun pàtàkì gbọ́dọ̀ dá a dúró. Ní 1975, ó kọ ìwé mìíràn tó fi ìrora ẹranko sórí òṣùwọ̀n kan náà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tẹ̀ lé ìrònú rẹ̀ ń sọ pé kí ènìyàn ná owó rẹ̀ síbi tí yóò ti mú ìyà tó pọ̀ jù lọ kúrò. Bí a bá fi ìṣirò yẹn wò ó, oṣù kan tí ènìyàn fi tọ́ ẹyọ ológbò kan kò ní dúró níwájú àpò owó kan náà tí wọ́n bá fi ra àwọ̀n ẹ̀fọn fún àwọn ọmọdé.

Ní ti owó, Singer jàre. Àmọ́ owó kọ́ ni olórí ohun tí alágbàtọ́ ń ná. Wákàtí aago mẹ́ta òru nínú ilé tirẹ̀ ló ń ná, kò sì sí báǹkì tó lè fi wákàtí yẹn ránṣẹ́ síbi tí ebi wà. Ẹni tó jí bọ́ ọmọ ológbò kò já wàrà gbà lẹ́nu ọmọ ènìyàn kankan. Bó bá wá ṣẹlẹ̀ pé ẹnì kan ń tọ́ ológbò, tó sì ń lé ọmọ aládùúgbò tí ebi ń pa kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ẹjọ́ ẹni náà yàtọ̀, kò sì sí wàrà ológbò tó lè bá a rò ó.

Immanuel Kant, onímọ̀ èrò ìjìnlẹ̀ ọmọ Jámánì, kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún pé a kò jẹ ẹranko ní gbèsè kankan ní tààrà. Lójú tirẹ̀, ìdí tí kò fi yẹ kí a hùwà ìkà sí ẹran ni pé ọkàn ẹni tó ń ṣe é yóò yigbì sí ènìyàn bíi tirẹ̀. Jeremy Bentham, onímọ̀ èrò ìjìnlẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ ní 1789 pé ohun tó ṣe pàtàkì ni bóyá ẹ̀dá náà lè jìyà, kì í ṣe bóyá ó lè ronú tàbí sọ̀rọ̀. Òwe Yorùbá ti wà lẹ́yìn Bentham látọjọ́ tó ti pẹ́: ẹni tí yóò fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Òwe náà kò dá ọkàn agunni sílẹ̀ lẹ́jọ́, àmọ́ ìrora ọmọ ẹyẹ ló gbé síwájú, ó ní kí agunni tọ́ ọ wò lára tirẹ̀. Ṣùgbọ́n òwe àti Bentham kàn ní kí a má gún un ni. Wọn kò tíì sọ ẹni tó yẹ kó dìde lóru.

Ìtàn kan nínú hádíìsì sún mọ́ ọn jù. Bukhari àti Muslim, àwọn tó kó hádíìsì jọ, gbà á sínú àkójọ wọn pé Ànábì Muhammad sọ̀rọ̀ nípa obìnrin kan tó wọ iná nítorí ológbò. Ó tì í mọ́lé, kò fún un lóúnjẹ, kò sì fi í sílẹ̀ kó lọ wá ohun tó ń rìn lórí ilẹ̀ jẹ, títí ó fi kú. Kí a wo ẹ̀sùn náà dáadáa. Wọn kò sọ pé obìnrin náà kò fẹ́ràn ológbò. Ọ̀nà méjì ni ológbò lè gbà jẹun: láti ọwọ́ ènìyàn, tàbí láti inú igbó. Obìnrin yìí dí ọ̀nà igbó, ó sì ká ọwọ́ tirẹ̀ kò. Ilẹ̀kùn tó tì ló sọ ọ́ di ajigbèsè. Hádíìsì mìíràn sọ ti ẹni tó rí ajá tí òùngbẹ ń gbẹ, tó fi bàtà rẹ̀ pọn omi fún un láti inú kànga, tí Ọlọ́hun sì torí rẹ̀ dárí jì í. Ẹni yẹn kò ti ajá mọ́lé, kò jẹ ẹ́ ní gbèsè. Láádá ló gbà.

Àárín ìtàn méjèèjì yìí ni alágbàtọ́ wà. Kó tó gbé ọmọ ológbò nílẹ̀, ó dà bí ẹni tó bá ajá létí kànga: bó bá ṣe é, oore ni. Lọ́jọ́ tó bá ti gbé e wọlé, ilẹ̀kùn ti tì. Ọmọ náà kò lè wá oúnjẹ kiri, àìlera ara rẹ̀ nìkan ti tó láti há a mọ́ ibi tó wà, ìyá tó lè padà wá a kò sì ní bá a níbẹ̀ mọ́. Láti ọjọ́ yẹn lọ, oúnjẹ aago mẹ́ta òru ti kúrò ní oore, ó ti di sísan gbèsè. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fi máa ń kìlọ̀ pé kí ènìyàn má tètè gbé ọmọ ológbò tó bá nílẹ̀. Ìyá lè ti lọ ṣọdẹ oúnjẹ. Bí ara ọmọ bá móoru, tí ikùn rẹ̀ yó, tó ń sùn wọ́ọ́rọ́wọ́, ó ṣeé ṣe kí ìyá wà nítòsí, kí ènìyàn jìnnà síbẹ̀ kó sì máa ṣọ́. Àánú tó bá kánjú lè sọ ọmọ tó ní ìyá di aláìníyàá.

Abu Hurayra, ọ̀kan lára àwọn sàábé Ànábì, wà lára àwọn tó gba hádíìsì obìnrin yẹn wá. Ọmọ ológbò ló sọ ọ́ lórúkọ: nígbà tó ń da ewúrẹ́, ó ní ọ̀kan tó máa ń gbé sórí igi lóru, tó sì máa ń bá a ṣeré lọ́sàn-án. Àwọn Mùsùlùmí ìgbà tó tẹ̀ lé e mú ọ̀rọ̀ náà kúrò nínú ilé sínú òfin. Sọ́táànì Baybars, tó jọba ní Íjíbítì láàárín 1260 sí 1277, ya ọgbà kan sọ́tọ̀ kí èrè rẹ̀ máa bọ́ àwọn ológbò aláìnílé ní Káírò. Nígbà tí Edward Lane, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń gbé níbẹ̀ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀ta ọdún ó dín díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọgbà ọ̀hún ti di ti ẹlòmíràn, àmọ́ Kádì, adájọ́ Mùsùlùmí, ti tẹ́wọ́ gba iṣẹ́ náà, àwọn ológbò ṣì ń pé jọ lọ́sàn-án ní àgbàlá rẹ̀ láti jẹun. Sọ́táànì kú, ọgbà bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, gbèsè náà kò kú.

Nel Noddings, onímọ̀ èrò ìjìnlẹ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa ìtọ́jú ní 1984, ó sì mú ológbò ṣe àpẹẹrẹ. Ó ní ológbò tó bá ṣáko wá sí ẹnu ọ̀nà òun ní ẹ̀tọ́ lórí òun, nítorí pé òun ti bá ológbò gbé pọ̀ rí, àmọ́ eku kò ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ti bá a wí pé ojúsàájú ni. Ó lè jẹ́ ojúsàájú, ṣùgbọ́n ìtàn ń ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ju bí ó ti sọ ọ́ lọ. Ní 2004, àwọn awalẹ̀pìtàn ilẹ̀ Faransé kéde sàréè kan ní erékùṣù Kípírọ́sì, tó ti tó nǹkan bí 9,500 ọdún, níbi tí wọ́n sin ológbò kan sí ní nǹkan bí 40 sẹ̀ǹtímítà sí ènìyàn. Erékùṣù ni Kípírọ́sì, kò sì ní irú ológbò bẹ́ẹ̀ látilẹ̀wá. Ènìyàn ló fi ọkọ̀ gbé e sọdá omi. Ológbò tó ń bímọ sẹ́yìn ilé ìtajà ní New York tàbí lábẹ́ àkà àgbàdo ní Ọ̀yọ́ wà níbẹ̀ nítorí pé àwọn baba ńlá wa fẹ́ ẹni bá wọn pa eku. Ìdílé Yorùbá tó ń fura sí ológbò, tó ń sọ pé ẹranko àwọn àjẹ́ ni, tó sì ń lé e ní òkò, ń gbàgbé ẹni tó pè é wálé.

Ohun kan wà tí àwọn tó fẹ́ràn ológbò kì í fẹ́ fẹnu bà. Ẹran ni ológbò ń jẹ. Ara rẹ̀ nílò taurine, èròjà tó wà nínú ẹran, tí kò lè ṣe tó fúnra rẹ̀. Bí kò bá rí i jẹ, ojú àti ọkàn rẹ̀ á bàjẹ́. Ẹni tó bá gba ọmọ ológbò kan là ti fọwọ́ sí i pé adìẹ àti ẹja yóò máa kú fún un fún ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Albert Schweitzer, dókítà tó dá ilé ìwòsàn sílẹ̀ ní Lambaréné ní Gabon, kò sá fún ìṣòro yìí. Orí odò Ogooué ló wà ní 1915 nígbà tí èrò nípa ọ̀wọ̀ fún ìyè sọ sí i lọ́kàn. Lẹ́yìn náà ó kọ ọ́ pé òun ra ọmọ ẹyẹ idì tó ń jẹ ẹja lọ́wọ́ àwọn tó mú un, kí wọ́n má baà fìyà jẹ ẹ́, ó sì wá di pé kí òun jẹ́ kí ebi pa á tàbí kí òun máa pa ẹja wẹ́wẹ́ fún un lójoojúmọ́. Ó yan pípa ẹja, ó sì ní lójoojúmọ́ ló ń dun òun. Ìdáhùn tó tọ́ ni, nítorí pé kò díbọ́n pé ọwọ́ òun mọ́. Ẹni tó gba ẹ̀mí kan sọ́wọ́ kò di ẹni mímọ́ nípasẹ̀ rẹ̀. Ó ti yan ẹni tó máa jẹ ní gbèsè, ó sì yẹ kó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ikú náà tún wà. Ọmọ ológbò tó mu wàrà dáadáa lálẹ́ lè di ẹni tí kò gbé orí mọ́ láàárọ̀. Ara rẹ̀ á tutù, kò ní fẹ́ jẹ, á máa mí wúyẹ́wúyẹ́. Nígbà mìíràn ooru àti ìtọ́jú dókítà a mú un padà, nígbà mìíràn kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe. Alágbàtọ́ tó bá pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà ti sin púpọ̀. Àwọn kan máa ń bi í pé kí ni èrè gbogbo àìsùn yẹn. Ìbéèrè náà gbà pé ìtọ́jú kò ní láárí àyàfi tí ẹni tí a tọ́jú bá yè, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ẹni tó ń fi ojú yẹn wo ọmọ tó dúró ti ìyá rẹ̀ arúgbó lórí ibùsùn ìkẹyìn. Ẹ̀dá tí kò lo ju ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ láyé, tó lò wọ́n nínú ooru, pẹ̀lú ikùn yíyó, ti gba gbogbo ohun tó tọ́ sí i láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án náà. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ nínú páálí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, iye ọjọ́ náà ì bá kéré sí i, òtútù ni ì bá sì jẹ́ gbogbo rẹ̀. Ìyàtọ̀ ńlá ló wà láàárín méjèèjì fún ẹni tó gbé e láyé.

Àṣà àgbàsìn kò ṣàjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Ẹni tó ní abo ewúrẹ́ lè gbé e fún ẹlòmíràn sìn, bó bá sì bímọ, wọ́n á jọ pín in. Alágbàtọ́ ọmọ ológbò ń gbà sìn láìsí ìpín. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, nígbà tí ọmọ bá ti tó nǹkan bí kílógíráàmù kan, tó ti ń jẹun fúnra rẹ̀, tó sì ti ṣẹ̀ṣẹ̀ di ohun tí ojú ń fẹ́ rí, ni ilé ìtọ́jú á gbà á padà fún iṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kó bímọ, wọ́n á sì fi í fún ẹni tí yóò ni ín. Ọ̀pọ̀ alágbàtọ́ ló ń sunkún lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà lára ológbò tí yóò bá a lọ. Ní àwọn ọdún 1980, Eileen Karsh ní Yunifásítì Temple ní Philadelphia ṣe ìwádìí tó fi hàn pé ọmọ ológbò tí ènìyàn bá ń gbé mọ́ra láàárín ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkeje rẹ̀ máa ń sún mọ́ ènìyàn nígbà tó bá dàgbà. Lẹ́yìn àkókò yẹn, ó ṣòro púpọ̀. Nítorí náà, nígbà tí ológbò bá lọ jókòó sórí itan ọ̀gá rẹ̀ tuntun láìbẹ̀rù, ìgbẹ́kẹ̀lé tí alágbàtọ́ gbìn ló ń lò. Ọ̀gá tuntun ló ń jẹ àǹfààní rẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé títí láé ni ológbò yóò fi máa bá a gbé.

Ìyá ológbò náà ṣẹ́ kù. Bó bá ṣì wà láàyè ní ìgboro, ó lè tún lóyún kí ọmọ rẹ̀ tó já lẹ́nu ọmú, oyún ológbò kò sì ju nǹkan bí ọjọ́ 63 sí 65 lọ. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí fi ń dẹ pańpẹ́ tí kì í ṣeni léṣe fún un, tí wọ́n ń gbé e lọ fún iṣẹ́ abẹ, tí wọ́n ń gé ṣóńṣó etí rẹ̀ kan kí ẹni tó bá tún rí i lè mọ̀ pé wọ́n ti ṣe é, tí wọ́n sì ń dá a padà sí àdúgbò tó mọ̀. Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù kò fẹnu kò lórí títẹ ẹran lọ́dàá: àwọn kan kò fọwọ́ sí i, àwọn mìíràn gbà pé ó tọ́ níbi tí àǹfààní wà tí kò sì ní pa ẹran náà lára. Àwọn tó kọ̀ ní ìdí, nítorí pé bíbí wà lára ohun tí a dá mọ́ ẹ̀dá, kò sì yẹ kí ènìyàn fọwọ́ yẹpẹrẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ àwọn tó gbà á ló ní àwíjàre tó lágbára jù lórí ológbò ìgboro. Àwọn ọmọ tí ìyá yẹn yóò bí ní oṣù méjì sí i yóò tún bọ́ sínú òtútù kan náà, ní iye tí àwọn alágbàtọ́ àdúgbò náà kò ní lè gbà tán, ẹni tó sì ti gbé àwọn ẹ̀gbọ́n wọn wọlé mọ ibi tí ìyá wọn ń sùn.